Ìdí tí dọ́là nìkan kò fi tó wọn ọrọ̀ ajé
Àpapọ̀ ọjà àti iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè pèsè lọ́dún ni wọ́n fi ń wọn ọrọ̀ ajé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kàn ṣẹ́ ẹ sí dọ́là, ìṣirò lè ṣini lọ́nà. Lọ́dún 2023 tí náírà já wálẹ̀, ọrọ̀ ajé Nàìjíríà dín kù lójú dọ́là, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n pèsè pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí Báńkì Àgbáyé fi ń ṣe àfiwé iye oúnjẹ, aṣọ àti owó ilé láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, kí wọ́n lè mọ ohun tí owó kọ̀ọ̀kan ń rà nílé. Ìwọ̀n yìí ni àjọ IMF lò lọ́dún 2014 tó fi sọ pé Ṣáínà ti ta Amẹ́ríkà yọ. Síbẹ̀, dọ́là gidi ni wọ́n fi ń san gbèsè òkèèrè.