Ohùn Kan, Ilé Márùn-ún

Níbi tá a ti ń kọ́ gìtá ní Ládìpọ̀, ariwo àwọn tó ń ta pààtì mọ́tò kì í jẹ́ ká gbọ́ra. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ dà wá láàmú ni pé ohùn kan ṣoṣo ní ilé púpọ̀ lọ́rùn gìtá. Ohùn okùn àkọ́kọ́ tá ò tẹ̀ rárá, òun náà ló wà ní fret 5 okùn kejì, 9 okùn kẹta, 14 okùn kẹrin, àti 19 okùn karùn-ún. Ìwé orin á sọ ohùn fún ẹ. Ó lè má sọ ilé tí wàá ti bá a.

Ìdí ọ̀gá làwọn àgbà jùjú ti kọ́ ọ. Ebenezer Obey ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Fàtáì Rolling Dollar kó tó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Sunny Adé wà lọ́dọ̀ Moses Ọláìyá kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Wọ́n ń wo ìka, wọ́n ń fetí sílẹ̀.

Fàtáì kú ní 2013. Rẹ́kọ́ọ̀dù gbé ohùn rẹ̀ pa mọ́, kò fi ìka rẹ̀ hàn wá. Torí ẹ̀ la ṣe ń lọ bá àwọn àgbà tó kù: ẹ jọ̀ọ́ sà, okùn wo, fret wo? A sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.