Èso Dídì ní Etí Ọ̀sà Ejìnrìn

 Ohun kan tí kò sí ọmọdé tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ni a ó sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, èyíinì ni áìsìkiríìmù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a fi wàrà màlúù ṣe ni a ó gùn lé. Èyí tí a fi èso ṣe ni, tí ìyá ilé lè ṣe nínú ilé ìdáná rẹ̀ láìra agolo mílíìkì kan. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ adùn ẹnu lásán ni, kí ó fara balẹ̀ gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà kan ọjà, ó kan ọ̀nà ọkọ̀, ó sì kan ikùn wa pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ejìnrìn.

Etí ọ̀sà ni Ejìnrìn wà, láàrin Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Lónìí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́. Ìlú jẹ́jẹ́ ni ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ nísinsìnyí yóò bá, ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ ọjà rẹ̀ kàn káàkiri etí ọ̀sà. Ní ìgbà náà, àwọn Ìjẹ̀bú kì í gbà kí àjèjì la ilẹ̀ wọn kọjá bí ó ti wù ú. Nítorí náà, ọjà etí omi bí Ejìnrìn àti Ìkòròdú ni àwọn ará Èkó ti ń pàdé àwọn ará òkè. Ọkọ̀ ojú omi a kó iyọ̀, aṣọ òyìnbó, ọtí àti ìbọn wá láti Èkó. Orí àwọn alárù a sì ru epo pupa, èkùrọ́, aṣọ òfì àti oúnjẹ oko sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ tí kò jìnnà sí Ejìnrìn ni ó fi ṣe ibùjókòó títí di ọdún 1862. Èyí fi hàn pé ọ̀nà omi yìí kì í ṣe ọ̀nà kékeré.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn, wọ́n sì ṣẹ́gun. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti ṣí sílẹ̀ fún oníṣòwò gbogbo. Bí ọ̀nà ti ń ṣí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà mìíràn ń yọjú. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ẹrù tí ì bá ti orí alárù bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin lọ tààrà sí Èkó. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1950, ọ̀nà mọ́tò gba Ìkòròdú wọ Èkó, ọ̀pọ̀ èrò sì kọ ẹ̀yìn sí ọ̀sà. Ibi tí ọ̀nà bá gbà ni ọjà ń tẹ̀ lé. Bí agbára ọjà Ejìnrìn ṣe dínkù nìyẹn.

Nínú gbogbo ẹrù ọjà, èso ni ìyà ń jẹ jù bí ọ̀nà bá jìn. Epo lè dúró de ọkọ̀. Èkùrọ́ lè dúró. Aṣọ lè dúró títí di ọdún tí ń bọ̀. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ó ti pọ́n kò mọ ìdúró. Àwọn baba wa kò gọ̀. Wọ́n fi èéfín pa ẹja mọ́, wọ́n sọ iṣu di èlùbọ́, wọ́n sọ ẹ̀gẹ́ di gàrí, wọ́n sì sá ata gbẹ. Ṣùgbọ́n èso olómi kò gba èéfín, kò sì rọrùn láti sá ní ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tí ó lè dá a dúró ni òtútù, òtútù kò sì sí. Yìnyín kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ni èyí tí ń bọ́ láti ojú ọ̀run pẹ̀lú ìjì. Àwọn ọmọdé a sáré ṣà á, wọn a jù ú sẹ́nu, kí a tó ṣẹ́jú, ó ti di omi.

Ẹ wo orúkọ àwọn èso wa, nítorí ìtàn ń bẹ nínú wọn. Àgbálùmọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, ọsàn sì ni àwọn àgbà ń pè é pẹ̀lú. Nígbà tí èso olómi mìíràn dé láti òkè òkun, wọ́n fún un ní orúkọ àgbálùmọ̀, wọ́n sì fi ìwà rẹ̀ kún un, ni ó fi di ọsàn mímu. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó wá láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù, ọkọ̀ àwọn Potogí ni ó sì gbé e káàkiri ayé. Àwọn ènìyàn wa rí ewé rẹ̀ tí ó dàbí ewé ọ̀pẹ, wọ́n rí ẹni tí ó mú un wá, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ìbẹ́pẹ pẹ̀lú, Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ohun tí ó ti òkè òkun wá kò lè di tiwa. Ẹnu wa ni ó ń sọ ọ́ di tiwa.

Ta ni ó kọ́kọ́ mú èso dì? Àwọn Lárúbáwá àti àwọn ará Páṣíà ti ń bu yìnyín orí òkè sínú omi èso tí a fi adùn sí láti ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ tiwọn ni ó sì di ‘sorbet’ lẹ́nu àwọn òyìnbó. Ní Naples ní ilẹ̀ Ítálì, ọ̀gbẹ́ni Antonio Latini kọ ìwé oúnjẹ kan tí ó jáde láàrin ọdún 1692 sí 1694. Ó kọ ọ̀nà tí a ń gbà ṣe oríṣiríṣi èso dídì sínú rẹ̀; ọ̀kan jẹ́ ti ọsàn kíkan, òmíràn sì ní wàrà nínú. Ẹ ṣàkíyèsí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni èyí tí kò ní wàrà ti ní àyè tirẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ẹni tí kò rí wàrà ni ó ń ṣe é.

Àṣírí ńlá tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí ni iyọ̀. Yìnyín nìkan kò lè mú omi èso dì dáadáa, nítorí ṣúgà tí ó wà nínú èso ń béèrè òtútù tí ó ju ti yìnyín lọ. Bí a bá da iyọ̀ sórí yìnyín tí a fọ́ wẹ́wẹ́, yìnyín náà yóò máa yọ́ kíákíá, ṣùgbọ́n bí ó ti ń yọ́ ni ó ń fa ooru láti inú ohunkóhun tí ó wà nítòsí rẹ̀. Òtútù rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ tó ìwọ̀n 18 Sẹ́ńtígíréètì sí ìsàlẹ̀ òdo. Ní ọdún 1843, obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Nancy Johnson, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí: agolo wà nínú garawa, yìnyín àti iyọ̀ sì yí agolo náà ká. Ní ọdún 1897, aláwọ̀ dúdú kan ní orílẹ̀-èdè kan náà, Alfred Cralle, gba ìwé àṣẹ lórí ṣíbí tí a fi ń bu áìsìkiríìmù. Irú ṣíbí bẹ́ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á títí di òní.

Iyọ̀ yìí kan náà ni ọkọ̀ ojú omi ń kó wá sí Ejìnrìn láti Èkó. Ìdajì àṣírí náà ti ń jókòó lórí ẹní ìyá oníyọ̀. Ìdajì kejì, èyíinì ni yìnyín, ni kò sí.

Àwọn òyìnbó pàápàá kò tètè rí yìnyín ní ilẹ̀ tí oòrùn ti mú. Frederic Tudor ti ìlú Boston gé yìnyín láti orí adágún omi, ó kó o sínú ọkọ̀, ó sì rán an lọ sí erékùṣù Martinique ní ọdún 1806. Ní ọdún 1833, ẹrù rẹ̀ dé Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà. Ní ọdún 1851, oníṣègùn kan ní Florida, John Gorrie, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ń ṣe yìnyín, nítorí pé ó ń wá ohun tí yóò fi tu àwọn aláìsàn ibà lára. Láti ìgbà náà ni ènìyàn kò ti ní láti dúró de ojú ọ̀run mọ́.

Iná mànàmáná ti dé Èkó kí ọdún 1900 tó pé, ṣùgbọ́n ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó àti àwọn oníṣòwò ńlá ni ó kọ́kọ́ tàn sí. Ní ọdún 1950 ni a ṣe òfin tí ó dá Electricity Corporation of Nigeria sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni fíríìjì wọ ilé àwọn ènìyàn wa. Ní ọdún 1961 ni a dá ilé-iṣẹ́ Fan Milk sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ìyẹ̀fun wàrà tí ó ti òkè òkun wá ni wọ́n sì ń pò. Àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ tà á gbé e dé ojúlé, nínú àpótí tí kì í jẹ́ kí ooru wọlé. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò pé láìsí wàrà, kò sí áìsìkiríìmù.

Èé ṣe tí wàrà fi jẹ́ àlejò ní etí ọ̀sà? Igbó àti àbàtà wa kún fún kòkòrò tsetse tí ń fa àrùn sunrunsunrun, màlúù oníwàrà kò sì lè gbé ibẹ̀ pẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn Fúlàní lápá òkè ni wàrà wà. Ọ̀rọ̀ náà sì wọ inú ara wa. Ní ọdún 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tí ó di mínísítà ètò ìlera ní ọdún 1985, pẹ̀lú Norman Kretchmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àgbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò ni ikùn wọn kò lè da ṣúgà inú wàrà dáadáa, nígbà tí ọ̀pọ̀ Fúlàní lè ṣe é. Ọmọ ọwọ́ wa lè mu ọmú ìyá rẹ̀ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n bí ó ti ń dàgbà ni agbára náà ń lọ. Kì í ṣe àrùn. Bí a ti dá wa ni. Nítorí náà, bí inú bá ń kùn ọmọ yín lẹ́yìn tí ó lá áìsìkiríìmù, ẹ má ṣe sáré pe aládùúgbò ní àjẹ́. Ó lè jẹ́ pé wàrà ni.

Wàyí o, bí a ti ń ṣe é nìyí. Ẹ mú ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ó pọ́n, ẹ bó o, ẹ gún un tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹ rin àgbọn kan, ẹ da omi gbígbóná tí a ti sè sí i, kí ẹ fún un nínú aṣọ mímọ́. Omi funfun tí ó jáde ni wàrà tiwa. Òróró àgbọn inú rẹ̀ ni yóò mú kí ó jọ̀lọ̀ lẹ́nu. Bí omi èso bá jẹ́ ife méjì, kí omi àgbọn jẹ́ ife kan, kí ṣúgà jẹ́ bí ìdajì ife, kí ẹ sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe dín ṣúgà kù jù, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ó le bí òkúta. Àǹfààní mìíràn tún wà: ohun kan nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù a máa ba wàrà màlúù jẹ́, a sì sọ ọ́ di kíkorò. Pẹ̀lú àgbọn, ìyẹn kò ní yọ yín lẹ́nu.

Ẹ dà á sínú agolo tí ó ní ìdérí, ẹ gbé agolo sínú garawa. Ẹ fi yìnyín ìwọ̀n mẹ́ta àti iyọ̀ ìwọ̀n kan yí i ká, kí ẹ máa yí agolo náà. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, ẹ ṣí i, ẹ fi ṣíbí ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí ríro ni kì í jẹ́ kí yìnyín inú rẹ̀ di gíláàsì. Bí ìdajì wákàtí, ó ti dì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú agolo, kí ọmọdé má sì fi ọwọ́ lásán di yìnyín oníyọ̀ mú, torí òtútù rẹ̀ ń jó ni bí iná. Ẹni tí ó ní fíríìjì tí ń mú nǹkan dì lè lò ó, kí ó máa rò ó ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tún rọrùn jù: ẹ gé e, ẹ mú un dì di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì gún un kí ó tó yọ́. Yóò jọ̀lọ̀ bí ẹni pé wàrà wà nínú rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù. Dídì kì í pa kòkòrò àrùn. Sísùn ni ó ń mú wọn sùn, bí ó bá sì yọ́, wọn a jí. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fọ èso, ẹ sì lo omi tí a ti sè.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí kò pamọ́. Ọ̀nà tí ó yí padà ni ó mú èrò kúrò ní ọjà Ejìnrìn, ooru sì ni ó ń mú èrè kúrò lọ́wọ́ alábọ̀ èso ní ọjà gbogbo. Kò sí ohun tí ọmọ kan lè ṣe sí ojú ọ̀nà ọkọ̀ irin. Ṣùgbọ́n èso tí ó kù sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ti pọ́n kọjá títà, ṣì lè di ohun tí a ń jẹ lọ́la tàbí ohun tí a ń tà lọ́la, bí ẹnìkan nínú ilé bá mọ iṣẹ́ òtútù. Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Oko ni apá kan. Ìtọ́jú ohun tí oko mú jáde ni apá kejì.