Pàṣán Ni Tàbí Ìyìn? Ohun Tí Ń Mú Ẹ̀kọ́ Mọ́ Ọmọ Lára

 

Bí a bá dárúkọ Ìwó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹyẹ tí í máa wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni odídẹrẹ́, nítorí òun ni a fi ń dá ìlú náà mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ta ni nínú yín tí ó ti rí ẹni tí ó fi pàṣán kọ́ odídẹrẹ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ? Ẹni tí ń sin ín mọ̀ pé bí òun bá nà án, ńṣe ni yóò sá sí kọ̀rọ̀ àgò, kò ní fọhùn. Ohun tí ó ń ṣe ni pé yóò máa pe ọ̀rọ̀ kan náà sí i létí. Bí ẹyẹ bá pe ohun tí ó jọ ọ́, yóò fún un ní ẹ̀pà lójú ẹsẹ̀. Bí a bá mọ èyí nípa ẹyẹ, kí ló dé tí a fi ń gbàgbé rẹ̀ bí ó bá kan ọmọ tí a bí? Ìtàn ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Kí ilé-ìwé àwọn òyìnbó tó gbilẹ̀ ní Ìwó ni ilé-kéú ti wà níbẹ̀. Mùsùlùmí ni Olúwòó Mọ́mọ́dù Lámuyè, ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ títí di ọdún 1906, ẹ̀sìn náà sì ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà tirẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ilé-kéú. Àáfà yóò kọ ìwọ̀nba díẹ̀ sára wàláà ọmọ, yóò sì kà á fún un. Ọmọ yóò lọ jókòó, yóò máa kà á léraléra. Nígbà tí ó bá mọ̀ ọ́n, yóò padà wá síwájú àáfà láti ká a. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò sí ìlọsíwájú. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, wọn yóò ní kí ó fọ wàláà náà, kí a sì kọ òmíràn fún un. Bí ó bá ka ìwé débi tí ó yẹ, àwọn òbí yóò gbé oúnjẹ wá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò bá a jẹ ẹ́. Bí ó bá sì parí, wọn yóò ṣe wọlímọ̀ fún un, yóò wọ aṣọ tuntun, gbogbo ẹbí yóò sì bá a yọ̀.

Ẹ fi nǹkan mẹ́ta sọ́kàn níbẹ̀: ẹ̀kọ́ náà kéré lẹ́ẹ̀kan, olúkúlùkù ń lọ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ tirẹ̀, bí ó bá sì ti mọ̀ ọ́n ni yóò ti rí èrè rẹ̀. A ó tún padà sórí nǹkan mẹ́ta yìí. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́. Pàṣán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àáfà pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì sá nílé-kéú nítorí rẹ̀.

Nígbà tí ilé-ìwé àwọn ìjọ Kristi dé, pàṣán kò kúrò nílẹ̀. Orúkọ ni ó yí padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1954, ọmọ tí ó wà ní àwọn ilé-ìwé náà lé díẹ̀ ní 450,000; ní ọdún 1955, wọ́n ti lé ní 800,000. Ìwó wà nínú ẹkùn náà. Lóòótọ́, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Onítẹ̀bọmi tí ó wà ní Ìwó ń kọ́ àwọn olùkọ́, àní lórí ilẹ̀ rẹ̀ ni Yunifásítì Bowen, tí ó gba àṣẹ ní ọdún 2001, wà nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì mélòó ni ó lè kọ́ olùkọ́ tí yóò tó fún irú èrò bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rárá ni wọ́n fi síwájú kíláàsì tí ó kún fọ́fọ́. Ohun tí irú wọn mọ̀ láti fi mú kíláàsì dákẹ́ ni ohun tí wọ́n fi mú àwọn náà dákẹ́ ní kékeré, èyíinì ni ẹgba.

Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó dé, àwọn kan ní òkè òkun ti ń wádìí ohun tí ń mú ìwà mọ́ ẹ̀dá lára. Ní ọdún 1898, ará Amẹ́ríkà kan, Edward Thorndike, tẹ ìwé jáde nípa àwọn ológbò tí ebi ń pa, tí ó sé mọ́ inú àpótí, tí ó sì gbé oúnjẹ sí ìta. Ológbò yóò ha ibi gbogbo, yóò bu igi jẹ, títí yóò fi ṣèèṣì kan okùn tí ń ṣí ilẹ̀kùn. Bí a bá tún sé e mọ́ léraléra, kò ní pẹ́ mọ́ kí ó tó jáde. Nígbẹ̀yìn, ibi okùn ni yóò lọ tààrà. Thorndike sọ pé ìwà tí ó bá mú ìtẹ́lọ́rùn wá ni í mọ́ ni lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó rò pé bí èrè ti ń gbé ìwà ró, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyà ń pa á run. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi ènìyàn ṣe ìdánwò, ó yí ọ̀rọ̀ padà ní nǹkan bí ọdún 1932: ó ní agbára ìyà kò tó ti èrè rárá.

Ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn, B. F. Skinner, fi eku wádìí rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1938. Ó kọ́ eku láti máa fi ọwọ́ tẹ ọ̀pá kékeré kan kí oúnjẹ lè jábọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ó dá oúnjẹ dúró. Ó jẹ́ kí ọ̀pá náà máa gbá apá kan nínú wọn lọ́wọ́ bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí ohun tí ó gbá apá kejì. Àwọn tí a gbá jáwọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá wò wọ́n nígbà náà yóò ní ìyà ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbálọ́wọ́ dópin, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ kejì fi parí, iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí a kò gbá. Ìyà dá wọn dúró, kò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ẹ̀yin olùkọ́, ṣé ẹ kò rí ọmọ tí í dákẹ́ bí ẹ bá mú pàṣán dání, tí í sì tún bẹ̀rẹ̀ ariwo bí ẹ bá ti yí ẹ̀yìn padà?

Ní ọdún 1953, Skinner lọ bẹ ọmọ rẹ̀ wò ní kíláàsì ìṣirò. Ó rí i pé àwọn kan ti ṣe tán tí wọ́n jókòó lásán, àwọn kan kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá òun gbà á tàbí òun kò gbà á títí olùkọ́ yóò fi gba ìwé wọn lọ. Ó padà sílé, ó kan ẹ̀rọ kan: ìbéèrè kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, kí olúkúlùkù máa lọ ní ìwọ̀n tirẹ̀, kí ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun gbà á. Ẹ̀yin ará Ìwó, ẹ gbọ́ bí? Nǹkan mẹ́ta tí a rí lára wàláà náà nìyẹn!

Ní ọdún 1968, Charles Madsen, Wesley Becker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wo àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní kan ní Amẹ́ríkà tí kì í fìdí jókòó. Wọ́n ní kí àwọn olùkọ́ máa pariwo “Jókòó!” lọ́pọ̀ ìgbà ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: bí “Jókòó!” ti ń pọ̀ sí i ni àwọn ọmọ tí ń dìde ń pọ̀ sí i. Ìgbà tí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yin àwọn tí ó jókòó tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ni ìdìdekúdìde dínkù. Ìdí rẹ̀ kò ju èyí lọ: ojú olùkọ́ jẹ́ èrè fún ọmọ. Ọmọ tí a kì í wò nígbà tí ó bá ń ṣe rere yóò wá ohun tí a ó fi wo òun.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé èrè kò ní ewu tirẹ̀. Ní ọdún 1862, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé iye ọmọ tí ó bá yege níwájú alábẹ̀wò ni a ó fi mọ owó ìrànwọ́ tí a ó fún ilé-ìwé. Òfin ẹ̀kọ́ ti Èkó, ti ọdún 1882 àti ti 1887, gba ọ̀nà kan náà. Ohun tí a sanwó fún ni a rí gbà: ní Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ni olùkọ́ ń há sí ọmọ lórí títí alábẹ̀wò yóò fi lọ, yálà ó yé ọmọ tàbí kò yé e. Ní ọdún 1973 pẹ̀lú, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà ṣèlérí ẹ̀bùn fún àwọn ọmọdé tí ó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Lẹ́yìn tí wọ́n gba ẹ̀bùn tán, àwọn ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtara láti yàwòrán bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tí ọmọ ti ń fi ìfẹ́ ṣe, ẹ má fi owó bà á jẹ́.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ kan tí kò mọ ìṣirò ìlọ́po. Bí ẹ bá gbé gbogbo rẹ̀ kà á láyà, tí ẹ sì nà án ní ẹgba mẹ́fà, ohun tí ó kọ́ ni pé ìṣirò ń dunni. Lọ́la, yóò gba ọ̀nà oko lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlọ́po méjì. Bí ó bá gba mẹ́ta nínú márùn-ún, ẹ sọ fún un kíá pé mẹ́ta yìí dára, kí ẹ sì fi méjì tí ó kù hàn án. Ẹ má sọ pé “O ṣeun” lásán. Ẹ sọ ohun tí ó ṣe tí ó fi yẹ kí a ṣeun fún un. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ dín ìyìn kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ lè di èrè rẹ̀. Kí ẹ sì máa bi í pé kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ ènìyàn kì í ṣe ayékòótọ́. Odídẹrẹ́ lè sọ̀rọ̀ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ yín kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, àwọn baba wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì kò ṣòro fún wa, a ti mọ̀ ọ́n lò. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, bí ọmọ bá ti ilé-ìwé dé, ẹ pè é, ẹ ní kí ó fi ìwé rẹ̀ hàn yín, kí ẹ wá ohun kan tí ó ṣe dáadáa níbẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún un kí ó tó bọ́ aṣọ.