Ọ̀bẹ Kì í Mú Títí Kó Gbẹ́ Èèkù Ara Rẹ̀

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kò ti ràn án la ti máa ń pa òwe yìí: dókítà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, lọ́yà tí wọ́n pè lẹ́jọ́, bàbá tó ń parí ìjà gbogbo àdúgbò tí tilé rẹ̀ kò sì níyanjú. Òwe náà ní kí irú wọn wá ẹlòmíràn. Ìtumọ̀ yìí tọ̀nà, àmọ́ ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò. Èèkù ni òwe dárúkọ, kò dárúkọ ojú. Igi ni èèkù, irin ni ojú. Bí ọ̀bẹ kò bá lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ta ni ìtọ́jú ojú rẹ̀ wá tọ́ sí? Ṣé ẹni tó ń lò ó ni, tàbí ẹni tó fi ìpọ́nbẹ ṣe iṣẹ́ òòjọ́?

Ẹni tó bá dúró ní Ìyànà Iyesi, lójú ọ̀nà Ìdíròkò tó ti Ọ̀tà lọ sí ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀, yóò rí ìdáhùn méjì níbi kan náà. Alápatà kì í wá ẹni tí yóò bá a pọ́n ọ̀bẹ. Ẹran kan ṣoṣo lè mú kí ojú ọ̀bẹ rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ oníbàárà kò ní dúró dè é. Yóò fi ọ̀bẹ kan ra èkejì, fìrì fìrì, ó di kó máa gé lọ. Ti aránṣọ yàtọ̀. Ojú irin méjì tó gbọ́dọ̀ pàdé ara wọn ni àlùmọ́gàjí. Bí a bá pọ́n ọ̀kan lápọ́njù, aṣọ yóò máa há sáàárín wọn ni, kò ní gé. Ìdí nìyí tí aránṣọ fi ń dúró de ọmọ Hausa tó ń gbé ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ kiri, èyí tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí òkúta rẹ̀ lè máa yí. Bí Iléyá bá sì ti kù fẹ́ẹ́fẹ́, ọ̀bẹ gbogbo ilé á tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Àárín àwọn méjèèjì yìí ni abẹ ìfárí wà. Láyé àtijọ́, ẹni tó ń lo abẹ ló ń pọ́n ọn. Wànsámù Hausa tó ń fá irun orí ọmọ tuntun, inú àpò kan náà ni abẹ, òkúta ìpọ́n àti awọ tó fi ń ra ojú abẹ máa ń wà. Ohun tó gba ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni bíléèdì. Ní 1904, ìjọba Amẹ́ríkà fún King Camp Gillette ní ìwé àṣẹ lórí irinṣẹ́ ìfárùngbọ̀n tó ń lo bíléèdì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: bó bá kú, a ó sọ ọ́ nù, a kì í pọ́n ọn. Nígbà tí ìròyìn àrùn éèdì sì jáde ní Nàìjíríà ní 1986, tí ìkéde gba ìlú pé kí ẹnikẹ́ni má lo abẹ ẹlòmíràn, bíléèdì tuntun fún orí kọ̀ọ̀kan di dandan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra abẹ gidi, tó sì ń dá a lò nínú ilé ara rẹ̀, ṣé kó kọ́ bí a ti ń pọ́n ọn ni àbí kó máa sanwó?

Ẹ jẹ́ ká wo abẹ náà dáadáa. Ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí a bá tẹ́ ẹ sórí òkúta tó tẹ́jú, ẹ̀yìn àti ojú yóò kan òkúta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínípọn ẹ̀yìn yẹn ló ń pinnu igun tí ojú yóò ní, bíi dígírì 16 sí 17. Ọwọ́ kò ní ohun tí yóò wọ̀n. Ẹ̀yìn abẹ ló ń kọ́ ojú abẹ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni pé ó ń gbé ẹ̀yìn sókè, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń lọ ata. Lórí òkúta, ojú ló ń ṣáájú. Lórí awọ, ẹ̀yìn ló ń ṣáájú. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, awọ rẹ̀ ni yóò gé.

Iṣẹ́ orí awọ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ kí a tó fárùngbọ̀n. Òun ló ń mú kí abẹ pẹ́ kó tó tún fojú kan òkúta. Kò sẹ́ni tí kò lè kọ́ ọ. Àmọ́ abẹ tí ojú rẹ̀ ti rí kángunkàngun bí eyín ayùn kúrò ní ti awọ. Òkúta tó rí ṣákaṣàka ni yóò kọ́kọ́ là á, èyí tó kúnná yóò tẹ̀ lé e, èyí tó kúnná jù yóò parí ẹ̀. Òkúta mẹ́ta nítorí abẹ kan, owó òfò ni. Oníṣẹ́ ni ká gbé irú èyí fún.

Kì í ṣe gbogbo oníṣẹ́ náà o. Òkúta tó ń yí ń mú irin gbóná. Bí ojú abẹ tó fẹ́lẹ́ bá gbóná kọjá nǹkan bíi dígírì 200 lórí ìwọ̀n Celsius, líle tí alágbẹ̀dẹ fi iná fún un yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Bí ẹ bá rí i tí irin ti yí àwọ̀ dà bí aró, ó ti bàjẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó dára fún ọ̀bẹ Iléyá lè ba abẹ jẹ́. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n pọ́n abẹ yín lẹ́yìn yín. Ẹ dúró tì í, ẹ wò ó bóyá òkúta pẹlẹbẹ ló ń lò, kí ẹ sì tún fi ojú kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdájọ́ òwe wa kò yí padà. Èèkù, àti ojú tó ti kán, iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni, owó rẹ̀ sì tọ́ sí i. Ojú tó ṣì wà lódindi, iṣẹ́ ẹni tó ń lò ó ni, láràárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ra awọ kí ẹ tó ra òkúta.