Jẹjẹrẹ Ìfun Ńlá Lára Ọmọdé: Níbo Ni Ìdádúró Ti Ń Wá?

Bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí ni ìyá rẹ̀ máa pè é, yóò sì se àgbo. Dókítà lè ní aràn ni, tàbí ìgbẹ́ ọ̀rìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí mo ń jà fún ni pé kí ìfura má parí síbẹ̀ nígbà tí oògùn àkọ́kọ́ bá kùnà.

Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ṣọ̀wọ́n púpọ̀ lọ́mọdé. Ilé ìwòsàn St. Jude ní Memphis, l'Amẹ́ríkà, ìlú mọ̀ ọ́n mọ jẹjẹrẹ ọmọdé, síbẹ̀ aláìsàn 77 péré ló wà nínú ìwádìí wọn láti 1964 sí 2003. Àrùn ti wọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn lára kó tó hàn. Àwọn kan sọ pé irúfẹ́ tó ń sun ikun, èyí tó wọ́pọ̀ lára ọmọdé ju àgbà lọ, ló fà á tó fi le bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ó le. Ṣùgbọ́n àrùn tó ń yára gan-an ló yẹ ká tètè wá.

Nílẹ̀ wa, ìṣòro mìíràn wà. Láti 1958 tí Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ní Uganda, ti kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, òun ni a kọ́kọ́ ń fura sí bí ikùn ọmọ bá wú. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ oògùn ni jẹjẹrẹ Burkitt ń gbọ́, ó sì lè yọ́ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá kò rí bẹ́ẹ̀: abẹ ló ń kọ́kọ́ fẹ́. A ó gé ibi tó mú nínú ìfun kúrò pátápátá, pẹ̀lú àwọn kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kéré tán 12, fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà ni oògùn tí a yá lọ́wọ́ ìtọ́jú àgbà yóò tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kí a bu ẹran díẹ̀ lára ohun tó wú nínú ikùn náà fún àyẹ̀wò kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àṣejù.

Ìbéèrè kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀: ta ni jẹjẹrẹ ìfun ti pa nínú ẹbí? Ìfun ńlá àwọn ìdílé kan máa ń hu kókó kéékèèké ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, bí òbí bá sì ní in, ìdajì-ìdajì ni kí ọmọ jogún rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí méjìlá ló ti yẹ kí a máa fi kámẹ́rà wo ìfun rẹ̀.

Ẹ̀yin dókítà, ẹ fi ìka yẹ ihò ìdí ọmọ náà wò, bó tilẹ̀ ń sunkún. Bó bá ti lo oògùn aràn àti ti ìgbẹ́ ọ̀rìn, tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, tó sì ń rù, ẹ má kọ oògùn kẹta fún un. Ẹ fi í ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti lè wo inú ìfun rẹ̀.