Ìtẹ̀yìnba Kì Í Ṣe Ìtẹ̀síwájú

Wọ́n ní kí n bá wọn yẹ ìwé kan wò, èyí tó ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ṣe sójà l'Amẹ́ríkà bí wọ́n ṣe lè béèrè ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀yìn tó bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mo ka gbólóhùn kan níbẹ̀: "Dókítà yóò wọn ìtẹ̀síwájú rẹ." Ìtẹ̀síwájú! Ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà nílẹ̀, tó ti ń retí èsì láti ọdún mọ́dún, ni wọ́n fẹ́ wọn ìtẹ̀síwájú rẹ̀. Ohun tí òfin ń béèrè ni bí ènìyàn ṣe lè tẹ ara láti ìbàdí síwájú tó. Inú bí mi, nítorí kì í ṣe pé èdè wa kò ní ohun tí yóò fi sọ ọ́. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ ni kò wá a.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Láti 2009 títí di 2016, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní MAVNI, tó jẹ́ kí àwọn àjèjì tó gbọ́ àwọn èdè kan wọṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, kí wọ́n sì tibẹ̀ di ọmọ ilẹ̀ náà. Yorùbá wà lára àwọn èdè yẹn. Bí wọ́n bá torí èdè gba ènìyàn síṣẹ́, ó yẹ kí èdè náà lè bá a dé ibi tí yóò ti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Àwọn kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò la ariwo lọ. Ìbéèrè ẹ̀tọ́ dára. Ọ̀pá ẹ̀yìn ti wà. Pé àwọn alágbo ń ta àgbo tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gba orúkọ lọ́wọ́ eegun náà. DD 214, ìwé tí wọ́n fi ń tú sójà sílẹ̀, kó máa jẹ́ DD 214 lọ, torí òun ni akọ̀wé yóò béèrè lọ́wọ́ yín. Owó oṣooṣù tí ìjọba ń san, mi ò gbà kí á pè é ní gbà-má-bínú: ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń fi ìyẹn bẹ̀bẹ̀, ó sì lè má bẹ̀. Owó ẹ̀tọ́ ni. Bí wọ́n bá sì kọ ìbéèrè yín sílẹ̀, kòtẹ́milọ́rùn ń bẹ, ọ̀rọ̀ tó wù mí bí oyin. Láti February 2019, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kí ẹ mú ẹ̀rí tuntun wá, kí ọ̀gá tún fáìlì náà wò láìgba ẹ̀rí tuntun kankan, tàbí kí ẹ lọ síwájú adájọ́. Ti adájọ́ nìkan ni mo fi kòtẹ́milọ́rùn sílẹ̀ fún. Èyí tó wù kí ẹ gbà, kó má kọjá ọdún kan lẹ́yìn èsì, kí ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ má baà bọ́. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń ṣírò owó àjẹsílẹ̀. Kì í ṣe "owó ẹ̀yìn" bí ìwé náà ṣe kọ ọ́. Owó ẹ̀yìn, rìbá ni.

Ajagunfẹ̀yìntì kò tẹ́ mi lọ́rùn. Fi ẹ̀yìn tì: ẹni tó ṣiṣẹ́ dàgbà, tó wá fi ẹ̀yìn ti ògiri sinmi. L'Amẹ́ríkà, ẹni tó lo ọdún 20 ló sábà máa ń fẹ̀yìn tì. Ẹni tó lo ọdún 4 péré, tó jáde ní ẹni ọdún 22, lè ní ẹ̀tọ́ yìí bákan náà. Tó bá rí "ajagunfẹ̀yìntì" lórí ìwé, yóò rò pé bàbá àgbàlagbà kan ni wọ́n ń bá wí. Àwọn oníròyìn ti fún wa ní gómìnà tẹ́lẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ sójà tẹ́lẹ̀rí. Àwọn kan yóò ní sójà kì í ṣe Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà ń pè lọ́jà láìrònú kì í tún ṣe àlejò.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni èyí tí a ó fi pe ohun tó ṣe ẹ̀yìn náà. Ìwé náà pè é ní àbọ̀ ara. Sójà tó ṣì ń wa tírélà láti Houston dé Dallas kò ní gbà pé aláàbọ̀ ara lòun, bí kò bá sì gbà, kò ní fọwọ́ sí ìwé kankan. Àwọn tó fẹ́ pọ́n ẹni lé máa ń sọ pé akanda ẹ̀dá. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n Ọbàtálá ló ń dá akanda. Ẹ̀yìn tí ẹrù sójà bà jẹ́, Ọbàtálá kò mọ ọ́n bẹ́ẹ̀. Àléébù ní ìtìjú nínú. Ìpèníjà ara tí wọ́n ń lò lórí rédíò, Gẹ̀ẹ́sì tó wọ agbádá ni: ta ló pe ta níjà? Òfin fúnra rẹ̀ ló yẹ ká bi. Bí agbára tí ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́ jẹun ṣe dín kù tó ni òfin ń wọ̀n, ìdá nínú 100 ló sì fi ń kà á. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá àdínkù agbára. Ẹ gbọ́ bó ṣe jókòó: "àdínkù agbára ìdá 20 nínú 100." Ẹ wá gbìyànjú "àbọ̀ ara ìdá 20 nínú 100": àbọ̀ ti gba 50 ká tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Àdínkù agbára tún bá ìdájọ́ 2018 mu, ẹjọ́ Saunders àti Wilkie, níbi tí ilé ẹjọ́ ti ní ìrora nìkan, bó bá ti ń dín agbára kù, lè gba ẹ̀tọ́, kódà bí dókítà kò bá rí orúkọ àìsàn kan fún un.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ tí a ó fi sọ pé iṣẹ́ ológun ló fa ìpalára. Ìwé náà kọ "ìsopọ̀ iṣẹ́", bí ẹni ń sọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ àmútọ̀runwá ti wà nílẹ̀ tipẹ́: ohun tí a mú ti ọ̀run wá. Òfin náà sì ń ya àmútọ̀runwá sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí sójà kó lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan yóò fẹ́ àmútogunwá, ó sì dùn létí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn tó bàjẹ́ kò fojú kan ogun: ẹrù ìdánrawò ni, fífò sílẹ̀ láti orí ọkọ̀ ni, táyà gbígbé ní bárékè Texas ni. Àmútiṣẹ́wá ló tọ́. Bí ti ọ̀run ṣe di tọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni ti iṣẹ́ di tiṣẹ́. Ó tilẹ̀ ti bímọ: bí orúnkún bá bàjẹ́ torí pé ẹ̀yìn kò jẹ́ kí sójà rìn dáadáa mọ́, àmútẹ̀yìnwá ni. Ó jọ àtẹ̀yìnwá létí, ṣùgbọ́n "mú" ló yà wọ́n.

Ẹ̀rí dókítà ni yóò fi múlẹ̀ pé àmútiṣẹ́wá ni ìpalára náà. Ìwé náà ní kí dókítà kọ pé "ó ṣeé ṣe". Kò tó, wọ́n á ní ó kàn ń méfò ni. Ọgbọọgba lọ̀rọ̀ rẹ̀: bó ṣe ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, ó kéré tán. Bí òṣùwọ̀n bá wà ní ọgbọọgba, sójà ló jàre.

Kí ni ká wá fi rọ́pò ìtẹ̀síwájú? A máa ń bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan, ṣùgbọ́n bí a bá kọ "ìbẹ̀rẹ̀", ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni òǹkàwé yóò gbọ́. Ìdọ̀bálẹ̀ ti kọjá ààlà. Ẹ wo ìtẹríba: tẹ orí ba. Tẹ ẹ̀yìn ba: ìtẹ̀yìnba! Ìnàró ni òdo, ìtẹ̀yìnba tó pé sì jẹ́ dìgíríì 90. Èyí tó kọjá 60 tí kò kọjá 85, ìdá 10. Èyí tó kọjá 30 tí kò kọjá 60, ìdá 20. Èyí tí kò kọjá 30, ìdá 40. Ibi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ àkọsílẹ̀, àti bó ṣe ń rí lọ́jọ́ tí ìrora náà bá dìde. Ibẹ̀ ni àṣà wa ti ń pa wá lára. Ẹ bi Yorùbá pé "báwo ni ara?", "a dúpẹ́" ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, bó tilẹ̀ fọwọ́ di ìbàdí mú. Dókítà yóò kọ ọ́ pé ara le. Nínú àtúnkọ mi, "kí ni ẹ̀yìn yín kò jẹ́ kí ẹ ṣe mọ́?" ni mo fi síbẹ̀.

Ó wá ku ìrora. Ẹ̀yìn lè máa dunni, ó lè máa roni, ó lè máa gúnni, ó sì lè máa ta láti ìbàdí gba itan dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìwé náà pa gbogbo wọn pọ̀ sí "ìrora". Èyí tó ń ta yẹn, iṣan ló ń bá jà, wọ́n sì lè fún un ní ìdá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìtasẹ́sẹ̀ ni mo pè é: ta sí ẹsẹ̀. Ẹni kan ní kí n kúkú lo làkúrègbé tí gbogbo ayé mọ̀. Mi ò gbà. Oríkèé ni làkúrègbé ń bá jà. Bí sójà bá sọ ọ́ fún ògbufọ̀, dókítà yóò ya fọ́tò oríkèé, kò ní dán iṣan ẹsẹ̀ wò.