Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Àgùdà kan ní Àjàṣẹ́

Ẹbí mi fẹ́ tún ilé àwọn ìyá wa ṣe, kí a lè máa gbé inú rẹ̀ bí ènìyàn òde òní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àwọn Àgùdà tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí Àjàṣẹ́, tí Faransé ń pè ní Porto-Novo, jẹ́ ẹrú tó gba òmìnira ní Bràsíìlì àti àwọn ọmọ wọn. Ọ̀pọ̀ kúrò ní Bahia lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Salvador ní ọdún 1835, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ń fòòró àwọn adúláwọ̀ tó ti dòmìnira. Ní Èkó, ìjọ Kátólíìkì ni a mọ orúkọ Àgùdà mọ́. Lọ́dọ̀ wa, Mùsùlùmí náà lè jẹ́ Àgùdà. Ẹ wo Mọ́ṣáláṣí Ńlá wa, tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia.

Nínú akódì àtijọ́, yàrá yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ni ibi tí òrùlé bò níwájú yàrá, tí a ń jókòó, tí a ń gbàlejò. Nínú ilé Àgùdà, ọ̀nà gígùn kan ló la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì. Àgbàlá kúrò láàárín, orúkọ kò kúrò: ọ̀nà yẹn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Àwa tí a ka ìwé Faransé ń pè é ní couloir. Couloir, ibi ìkọjá lásán ni. Ta ni yóò jà nítorí rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní kí a dí ìdí rẹ̀, kí a fi ṣe balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí ìyá àgbà kò lè máa jáde lóru mọ́. Èrò gidi ni. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló kọ̀: “Níbo ni atẹ́gùn yóò gbà wọlé? Níbo ni ẹ ó tẹ́ mi sí lọ́jọ́ tí mo bá kú?”

Ọ̀mọlé tí a pè kò dá sí i. Ògiri ló ń wò. Amọ̀ pupa ni, ṣùgbọ́n ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn àwa fúnra wa fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, a rò pé oore ni a ṣe é. Omi tó ń gun ògiri láti ilẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ó fi ìka kàn án, sìmẹ́ńtì ré bọ́ bí èèpo ẹyin, amọ̀ abẹ́ rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó ní bí a bá tún gbé omi balùwẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé náà yóò wó lé ìyá àgbà lórí.

A ha sìmẹ́ńtì náà kúrò, a fi amọ̀ àti ẹfun rẹ́ ẹ. Owó yàrá mẹ́ta bá a lọ. Balùwẹ̀ wá dúró lọ́tọ̀ lẹ́yìnkùlé, a sì fi páànù bo ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìyá àgbà ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń pè é.